Ọṣẹ Ìfárùngbọ̀n Láti Inú Ìkòkò Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù, ní Sandgrouse, ní Erékùṣù Èkó

Nígbà tí Akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú yín ní oṣù yìí, tí mo sì dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ọṣẹ tí a fi ń fá irùngbọ̀n ni mo fẹ́ sọ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí bóyá n kò ní ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò bá a jà. Lórí àga yìí kan náà ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ọṣẹ kò sì lè bá wọn du ipò. Ṣùgbọ́n mo wo yíká gbọ̀ngàn yìí, mo sì rí i pé kò sí ọkùnrin tí kò fi abẹ kan àgbọ̀n rẹ̀ kí ó tó jáde nílé lónìí, àfi àwọn ààfáà wa tí wọ́n dá irùngbọ̀n sí nítorí ẹ̀sìn, ọ̀wọ̀ ni fún wọn.

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí mo bá ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ó dà bí ẹni pé ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń fá irùngbọ̀n wa lẹ́yìn wa. Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n tí ó wà ní ìsọ̀ ní Ìdúmọ̀tà àti ní Balógun, ẹni tí irun rẹ̀ nà gbọọrọ ni a ṣe é fún. Ẹni tí ó ṣe é kò rí irùngbọ̀n wa rí, kò sì bi wá léèrè.

Bàbá mi ni ó mú mi wọ inú iṣẹ́ tí mo fi ń najú yìí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń rí i tí ó ń fá àgbọ̀n rẹ̀ ní òròòwúrọ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kókó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí sọ sí i ní àgbọ̀n àti ní ọrùn, wọ́n ń yún un, wọ́n sì ń ṣẹ̀jẹ̀ bí abẹ bá ti kàn wọ́n. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a fi àbúrò rẹ̀ jẹ oyè ní agboolé wa, ó ní òun kò ní jókòó síwájú àwọn ìjòyè pẹ̀lú àgbọ̀n tí ó dà bí èèpo ọ̀pẹ òyìnbó. Àṣé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wà nínú yàrá, ó ní ara òun kò yá, gbogbo ilé sì mọ̀ pé ara rẹ̀ yá. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni, kò sì sí bàbá mi nínú àwòrán tí a yà ní ọjọ́ náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó sọ fún mi pé bí ó bá ṣe ọṣẹ ìyá òun ni òun ń lò, ọ̀rọ̀ kò ní rí báyìí. Ìyá rẹ̀ ta ọṣẹ ní Sandgrouse níhìn-ín, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ó sì ti ń sè é. Mo bi bàbá mi pé:

“Bàbá, kí ni Ìyá Àgbà ń fi sí i?”

“Eérú àti àdín.”

“Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọṣẹ náà ti jinná?”

“Wọ́n ń fi ahọ́n kàn án ni.”

“Kí ni wọ́n wá ń gbọ́ lẹ́nu?”

Ó wò mí títí. “Ahọ́n ìyá mi ni kí o lọ bi.”

Ìyá Àgbà ti lọ kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kò sí ẹni tí ó kọ nǹkan kan sílẹ̀, nínú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin kò sì sí èyí tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí nígbà náà ilé ẹ̀kọ́ ni a ń rán ọmọ lọ, kì í ṣe ìdí ààrò. Èmi náà jẹ nínú oore ilé ẹ̀kọ́ yìí, n kò sì lè bú u. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà mo rí i pé èmi tí mo ka ìwé tó báyìí, n kò lè ṣe ohun tí ìyá bàbá mi tí kò mọ̀wé ń ṣe ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e ni mo bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọṣẹ jẹ́, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà láàrin wa. Ẹni tí ń ṣe ọṣẹ dúdú yóò sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, yóò kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá lu nídìí, yóò da omi lé e, omi náà yóò sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò kejì. Omi tí ó pọ́n rúsúrúsú yìí ni ọkàn ọṣẹ. Bí a bá gbé e ka iná pẹ̀lú àdín tàbí epo pupa, omi tí ó mú àti ọ̀rá yóò bá ara wọn jà, nígbà tí ìjà bá sì parí, a kò ní rí ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì mọ́: ọṣẹ àti gilisẹríìnì ni yóò kù. Pọ́táàṣì ni ó wà nínú omi eérú, ọṣẹ pọ́táàṣì a sì máa rọ̀. Ọṣẹ tí a bá fi sódà ṣe a máa le, irú èyí tí a fi ń fọṣọ. Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n fẹ́ àwọn méjèèjì, kí ó lè le tó láti jókòó sínú abọ́, kí ó sì rọ̀ tó kí búrọ́ọ̀ṣì lè tètè gbé e.

Ọṣẹ dúdú lásán ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò, èyí tí mo rà ní Jankara. Ó hó púpọ̀, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n kí n tó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán, ìfófó ti kúrò ní ìkejì, awọ gbẹ, abẹ sì ń fa irun tu. Àdín ni ó fà á. Ìfófó rẹ̀ tóbi, ó sì máa ń yára, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Ìwẹ̀ ni a ṣe ọṣẹ dúdú fún, ó sì dára púpọ̀ níbẹ̀. A kò lè dá a lẹ́bi pé kò ṣe iṣẹ́ tí a kò rán an.

Nígbà tí mo pinnu láti sè é fúnra mi, ìkòkò alumínọ́ọ̀mù tí ìyàwó mi fi ń se ìrẹsì ni mo gbé. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ti ń rẹ́rìn-ín. Bí sódà ti kan ìkòkò náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí hó gùdùgùdù láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, èéfín tí ń ta ènìyàn nímú jáde, inú ìkòkò dúdú, ọbẹ̀ kan kò sì tún gbé inú rẹ̀ mọ́ títí di òní. Mo ra méjì dípò ẹyọ kan, n kò sì tíì rí ìdáríjì gbà pátápátá. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò tánganran tí kò bó lára ni mo ń lò, pẹ̀lú ọmọ-orógùn onígi tí a kò ní fi se oúnjẹ mọ́.

Ọṣẹ mẹ́jọ ni mo sè tí kò dára. Ọ̀kan dà bí ẹ̀kọ tutù, òmíràn fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹfun. Ohun tí mo ń wá, ọjọ́ tí mo ka ìwé nípa ọ̀rá ni mo tó mọ orúkọ rẹ̀. Michel Eugène Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọ̀rá jáde ní 1823, ni ó fi hàn pé ọ̀rá kan kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Oríṣìíríṣìí ásíìdì ni ó so mọ́ gilisẹríìnì nínú rẹ̀. Èyí tí ó wà nínú àdín ń fúnni ní ìfófó ńlá tí ń yára. Èyí tí a ń pè ní stearic acid, ohun funfun líle tí àwọn tí ń ṣe àbẹ́là ń lò, ń fúnni ní ìfófó kíki bí ọ̀rí ògì tí ó jókòó, tí kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n tí a ń kó ti òkè òkun wá, òun ni agbára rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ apá ibí yìí, nítorí ìdí rẹ̀ gan-an ni mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ yìí yẹ ẹgbẹ́ wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní 1861 àti lẹ́yìn náà, epo pupa etí òkun wa yìí ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kó lọ sí Liverpool fún ọṣẹ àti àbẹ́là. Ilé iṣẹ́ Price's ní London lókìkí fún àbẹ́là tí ó ń fi epo pupa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe. Ní 1848, a gbin igi ọ̀pẹ mẹ́rin péré, irú ọ̀pẹ ilẹ̀ Áfíríkà wa, sí ọgbà ìjọba ní Bogor ní erékùṣù Java, láti ara wọn sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko ọ̀pẹ Indonesia àti Malaysia ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èmi wá lọ sí ọjà kẹ́míkà ní Òjóta láti ra stearic, wọ́n bu kílò méjì fún mi láti inú àpò ńlá kan. Mo ka ohun tí a kọ sí ara àpò náà. Malaysia ni. Mo dúró níbẹ̀ títí ọmọkùnrin tí ń tà á fi béèrè pé, “Bàbá, ṣé owó ò pé ni?”

Mo rà á. Ìkẹsàn-án nínú ọṣẹ mi ni mo fi ṣe, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ó dára. Mo sọ fún Akọ̀wé pé kí a tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé wa bí mo ti kọ ọ́, kí ọmọ mi má bàa ní láti bi ahọ́n mi léèrè. Stearic 250 gíráàmù, àdín tí a kò yan 100, òrí 100, epo pupa 50. Sódà 27, pọ́táàṣì ti kẹ́míkà tí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, 64, omi tí a sè tí ó ti tutù, 200, gilisẹríìnì 25 ní ìgbẹ̀yìn. Yo àwọn ọ̀rá pọ̀ lórí iná kékeré. Lọ́tọ̀, nínú abọ́ tánganran, da sódà àti pọ́táàṣì díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Má ṣe da omi sórí sódà láé, nítorí yóò hó jáde sí ọ lójú. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, fi awò bo ojú, ṣí fèrèsé, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Bí ó bá ta sí ọ lára, abẹ́ ẹ̀rọ omi ni kí o gbé ibẹ̀ sí, kí omi máa ṣàn lé e fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Ẹni tí kò bá sì ní ìwọ̀n tí ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, kí ó jókòó sílé rẹ̀. N kò fi èyí ṣeré.

Bí a bá da omi náà sínú ọ̀rá, kíá ni yóò ki, nítorí stearic kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Gbé ìkòkò náà sínú ìkòkò omi gbígbóná, kí o sì máa ró o bí ẹni ń ro ọkà fún bíi wákàtí méjì, títí yóò fi máa dán. Nígbà náà, mú díẹ̀, jẹ́ kí ó tutù, kí o sì fi orí ahọ́n kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tí ń ṣe ọṣẹ nílé ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Bí ìjà kò bá tíì parí nínú rẹ̀, yóò ta ọ́ láhọ́n bí ẹni fi ahọ́n kan bátìrì. Bí ó bá ti parí, ìtọ́wò ọṣẹ lásán ni ìwọ yóò gbọ́. Bí mo ti kà á nínú ìwé ni mo ṣe é. Ọṣẹ náà ta mí, mo fò sókè. Mo tún ró o fún ogún ìṣẹ́jú, mo sì tún kàn án, kò ta mí mọ́.

Mo jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbé ìkòkò náà tọ bàbá mi lọ, mo ní, “Bàbá, mo ti bi ahọ́n wọn.” Ó bi mí ohun tí ó wí. Mo ní, “Ó ní kí ó má ta wá.” Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá òun máa ń wí fún àwọn tí ń ràn án lọ́wọ́ pé, “Ó ṣì ń ta,” àti pé òun rò pé àdín tí ń ta sókè láti inú ìkòkò ni ó ń wí.

Mo ti gbìyànjú láti fi kán-ún ṣe iṣẹ́ sódà, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ní ń pè é ní pọ́táàṣì bí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n irú sódà kan tí ó rọlẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí a ń wà ní agbègbè adágún Chad. Ó bá stearic ṣe ọṣẹ, pẹ̀lú ariwo àti ìfófó. Ṣùgbọ́n àdín, kò lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀rá léfòó lórí omi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èyí tí ó gba ọkàn mi ni bóyá a lè ṣe é láìsí àpò Malaysia. Nínú 100 gíráàmù òrí tí ó ti Òkè Ògùn wá, nǹkan bíi 40 ni stearic. Nínú ọ̀rá kòkó, ó tó ìdá mẹ́ta. Ìkẹrìnlá ọṣẹ mi, òrí 300 gíráàmù, ọ̀rá kòkó 100, àti àdín àgbọn ti Àgbádárìgì 100 ni, pẹ̀lú sódà 26 àti pọ́táàṣì 62 nínú omi 200. Ó funfun, ó sì rọ awọ lọ́rùn ju ìkẹsàn-án lọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí n sọ: búrọ́ọ̀ṣì ní láti yí ní ìlọ́po méjì kí ó tó hó tó, ìfófó rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ó pé fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bí ọwọ́ ẹni bá yá. Kò tíì tó ìkẹsàn-án. Mo ń bá a lọ.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí àgbọ̀n bàbá mi ti rí. Àwọn oníṣègùn ń pe àrùn náà ní pseudofolliculitis barbae, àwa aláwọ̀ dúdú ni ó sì ń bá jà jù, nítorí irun wa ká. Bí a bá fá a mọ́lẹ̀ jù, ṣóńṣó rẹ̀ tí abẹ ti gé a máa ká padà wọ inú awọ bí ẹ̀gún, awọ a sì wú. N kò ní purọ́ fún yín pé ọṣẹ nìkan ni ó wò ó. Bàbá mi fi abẹ sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Lẹ́yìn náà, aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná ni a ń fi lé àgbọ̀n rẹ̀ ná kí irun lè rọ̀, ọṣẹ kíki tí kì í gbẹ yóò tẹ̀ lé e, abẹ olójú kan, kì í ṣe olójú mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n ń polówó, kí abẹ sì tọ ọ̀nà tí irun gbà hù, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ péré. Ohun tí ọṣẹ ṣe ni pé ó jẹ́ kí arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè fá irùngbọ̀n rẹ̀ láìkánjú. Àwọn kókó náà ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí àwọn kókó bá ti ń ṣọyún sí lágbọ̀n, dókítà ni kí ó tọ̀ lọ, kì í ṣe èmi. Kò sì pọn dandan kí a fá gbogbo rẹ̀: irunmú Herbert Macaulay, tí ó kú ní 1946, dé orí owó náírà kan tí a gbé jáde ní 1979, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé kò bójú mu.

Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ Lever dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú wa yìí. Ní 2023, ní ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, Unilever tí ó jogún rẹ̀ kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú OMO, Sunlight àti Lux ní Nàìjíríà. N kò bú wọn, oníṣòwò ń wá èrè. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé Ìsàlẹ̀ Èkó ti kú pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀. Ilé ìwádìí ìjọba wà ní Òṣòdì láti 1956, ti kòkó sì wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn, wọ́n mọ iṣẹ́ ọṣẹ, wọ́n sì ń kọ́ni. Èyí tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n wọ agboolé yín lọ láìjẹ́ pé ẹ mú wọn wọ̀ ọ́. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin Olóyè. Ìyá àgbà èyíkéyìí tí ó bá ṣì ń se ọṣẹ ní agboolé yín, tàbí ní Ẹ̀pẹ́, tàbí ní Ìkòròdú, ẹ jẹ́ kí n gbé ìwọ̀n mi wá jókòó tì í fún ọjọ́ kan. Yóò bu eérú bí ó ti máa ń bù ú, n ó wọ̀n ọ́n, n ó kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ni a ó sì fi sí i, kì í ṣe tèmi. Mo ti rí méjì. Ọ̀kan nínú wọn ti fọ́jú, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ṣì pé.

Abọ́ ogún ni ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà àbájáde. Èyí tí a so okùn pupa mọ́ ni ìkẹsàn-án, funfun ni ìkẹrìnlá. Ẹ mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ẹ fi ọ̀kan fá ọ̀tún, kí ẹ fi ìkejì fá òsì, kí ẹ sì kọ èyí tí ó gbẹ kíákíá ránṣẹ́ sí Akọ̀wé kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó pé. Bàbá mi ti ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ náà, iwájú ni ó sì ní òun fẹ́ jókòó sí.